Ẹ̀yìn Páálí

Ní ìlú Hull, lọ́jọ́ Sátidé tí òjò ń fọ́n wínníwínní,
mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo yí páálí bísíkíìtì sódì.
Àwòrán iwájú ò kàn mí.
Ẹ̀yìn ni mò ń kà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti wẹ́wẹ́ bí ẹyin iná orí,
tí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kọ ohun tó lè pani.

Ìdílé kan kì í jẹ ẹmọ́, òmíràn kì í jẹ òkété:
ẹnìkan ló jẹ ẹ́ níjọ́sí, tó rí nǹkan,
tó wá fi ṣòfin fún àtọmọdọ́mọ.
Èèwọ̀ Ìbíyẹmí ò wá láti ilé bàbá, kò wá láti ilé ìyá.
Ara rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀
nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mọ́kànlá:
ẹ̀pà.

Ẹ̀pà kẹ̀!
Ẹ̀pà tí bàbá mi gbìn ní Ṣakí,
àpò kan fún yúnífọ́ọ̀mù, àpò méje fún owó ìdánwò.
Ẹ̀pà ló gbé mi wọ bàálù wá síbí,
òun náà ló wá ń fún ọmọ mi lọ́rùn.

Mo ti wá mọ gbogbo wọn bí ẹní mọ olè àdúgbò:
wàrà tó sá pamọ́ sínú sọ́séèjì,
ẹyin tí wọ́n fi kun orí búrẹ́dì kó lè máa dán,
ẹja tó yọ́ sínú ọbẹ̀ dúdú inú ìgò, tí kò rùn bí ẹja,
àlìkámà nínú omi sóyà, ta ló máa wá a débẹ̀?
Mágì tí mò ń fọ́ sínú ìkòkò, sẹ́lẹ́rì wà nínú rẹ̀,
ewé tí n ò jẹ rí láyé mi!
Edé tiwa náà ò gbẹ́yìn.
Mẹ́rìnlá ni òfin ilẹ̀ yìí kà.
Ọ̀kan péré ni ti Ìbíyẹmí; Kieran tó jókòó tì í ní kíláàsì ní mẹ́ta.
Àwọn páálí mìíràn á ní, "Ó lè ní ẹ̀pà nínú."
Ó lè?
Ṣé a máa ń fọwọ́ pa ajá tó lè bunijẹ lórí?

Ìyá mi dé lóṣù Kẹrin.
Mo ti sọ fún un lórí fóònù, ó ní òun gbọ́.
Gbígbọ́ kì í ṣe gbígbà.
Ó di ẹ̀pà sísun sínú agolo mílíìkì, ó fi ìró wé e.
Ó ti ilẹ̀kùn, ó jẹ díẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ,
ó fi ọwọ́ kan náà gé ápù fún ọmọ.

Ètè ọmọ wú. Ohùn rẹ̀ di ti ọmọ ológbò.
Mo gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn nítan, láti orí ṣòkòtò,
mo pe áńbúláǹsì.
Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún.
Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọmọ yè é.
N ò bínú. Ohun tó fi tọ́ mi ló rò pé oúnjẹ ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi tí kò kàwé rí
ní kí n kọ orúkọ ẹ̀pà lédè Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn àpòòwé.
Kì í ṣe kó lè kà á,
kó lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ ni.
Lẹ́tà méje. Ó ní àkọ́kọ́ dà bí ẹni tó gbẹ́rù sí èjìká kan,
ìkẹyìn lọ́ bí ejò.

Òun nìyẹn níwájú mi lónìí, àpòòwé lọ́wọ́,
gíláàsì rẹ̀ ti yọ̀ wálẹ̀ dé ṣóńṣó imú.
Ọmọkùnrin tó ń to ọjà bi í bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́.
Kò gbójú sókè. Yorùbá ló fi dá a lóhùn:
"Mò ń wá ejò."
Ó dá páálí náà padà sórí pẹpẹ,
ó mú òmíràn.