Ojú Ewé Keje

Aago mẹ́fà ààbọ̀, ọkọ̀ ìwé ìròyìn ti já ẹrù ayé
sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi ní Ìsínkàn,
ayé tí wọ́n fi okùn ọ̀rá dì ní ìdì mẹ́rin,
tó ṣì ń rùn bíi tàdáwà tútù.
Mo fi ọ̀bẹ gé okùn. Mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀
kí atẹ́gùn má baà gbé ààrẹ ẹni ẹlẹ́ni lọ sínú gọ́tà.

Oòrùn ò tíì yọ tí àwọn òǹkàwé ọ̀fẹ́ ti dé.
Bàbá Arógundádé, tó fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́,
ló máa ń ṣíwájú, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ẹni wá wo òkú.
Láti ọjọ́ tí mo ti ń tà, kò rà rí.
Ó ka àkọlé sókè: ààrẹ kan fìdí rẹmi nínú ìbò,
ó ní òun ò níí kúrò lórí àga.
Olútúyì ọlọ́kadà ní, "Ṣé ó ti so ara ẹ̀ mọ́ ọn ni?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Omi gbé abúlé mẹ́ta lọ
nílùú kan tí ahọ́n wa ò lè pè,
ló bá di àríyànjiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń pè é;
wọ́n gbàgbé àwọn tómi gbé.
Àwọn mínísítà pàdé níbi tí yìnyín gbé ń bọ́,
kóòtù onírun ni wọ́n wọ̀ sọ̀rọ̀ ooru.
Owó kòkó já ní Lọ́ńdọ̀nù.
Èyí nìkan ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.
Ọkùnrin kan tí erùpẹ̀ Ọ̀dá ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀
bi mí lẹ́ẹ̀mejì: "Ta ló já a?"

Mi ò dá a lóhùn. Ojú ewé keje ni mo wà.

Àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n yà síbẹ̀, kò ju páálí ìṣáná lọ,
wọ́n fi pupa kun ibi tí bọ́ǹbù bọ́ sí lóru àná.
Mo fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n.
Láti etí pupa yẹn dé ìlú tí Akínkúgbé mi ń gbé,
èékánná kan ni. Èékánná kan péré.
Iṣẹ́ ìṣègùn ló lọ kọ́. Oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Ìdànrè
la tà tá a fi ra tíkẹ́ẹ̀tì.
"Owó ibẹ̀ rọjú ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, Màámi."
Bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọjú.

Mo jókòó lórí àpótí, mò ń fa ojú ewé keje ya
kúrò nínú gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń yọ egungun ẹja fún ọmọ.
Ìkéde iṣẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀;
ẹ forí jì mí, ẹ̀yin tí ń wáṣẹ́.

Akọ̀wé kan láti Alágbàká ra mẹ́ta fún ọ̀gá rẹ̀,
ó padà wá láago mọ́kànlá, inú ń bí i:
"Ìyá Akin, ojú ewé keje dà?"
Mo ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.
Bàbá Arógundádé wò mí, ó wo abẹ́ àpótí,
ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún títí,
ó sì ra ìwé ìròyìn kan. Owó rẹ̀ pé.
Kò ṣí i. Ó ká a há abíyá, ó lọ.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lé díẹ̀, iná ò sí,
fóònù là nínú òkùnkùn bí ojú ológbò.
Ohùn rẹ̀ ń já, ó ń so.
"Màámi, ariwo lásán ni, ó jìnnà sí wa. Mo ti jẹun."
Mo ní ó dáa.
"Kí ni wọ́n ń sọ nípa wa nínú ìwé ìròyìn?"
Èmi tí mo ti ń ta ìròyìn fún Àkúrẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún,
mo ní, "Kò sí nǹkan. Owó kòkó ló já."
Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan kan dún,
kò jọ ilẹ̀kùn. Ó ní ilẹ̀kùn ni.
Mo ní mo gbọ́, ilẹ̀kùn ni.