Bẹ́ẹ̀dì Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ìwé pẹlẹbẹ kan, aláwọ̀ búlúù, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.
Effie Rattray fi pẹ́ńsù kọ orúkọ márùn-ún sí i,
márùn-ún péré ní gbogbo Dundee,
tí wọ́n ní yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn,
tí wọ́n sì gbà kí àjèjì wá gbórí lé ìrọ̀rí wọn
fún òru kan, bó pẹ́ tán, mẹ́ta.

Ọmọ tirẹ̀ ti bá iṣẹ́ epo lọ sójú òkun.
Òkun kò dá a padà.
Ọdún mẹ́rin ni ó fi ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì
tí ara kankan kò mú gbóná.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì,
yìnyín ń bọ́ bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n ń tu,
ó rí ọmọbìnrin kan ní ibùdókọ̀.
Ó ní, "Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ."
Ọmọ náà ní, "Mo mọ̀."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Effie kò sùn lóru yẹn. Ọmọ náà sùn.

Àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ọmọ tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta ńkọ́?
Kí la ó wò? Ojú òfuurufú?

Èmi ni mo ń wa ọkọ̀.
Mo mọ àpò náílọ́nù dúdú tí gbogbo ayé ọmọ wọ̀ sí,
tí ó sì tún ṣẹ́ kù.
Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí bí iná pupa bá dá wa dúró:
Ṣé wọ́n lájá?
Ṣé dandan ni kí n bá wọn jẹun?
Ṣé ilẹ̀kùn yàrá náà ṣeé tì látinú?
Struan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò béèrè nǹkan kan.
Ọkọ ìyá rẹ̀ ló ju bàtà rẹ̀ sínú òjò.
Ó gbá bàtà náà mọ́ àyà bí ọmọ ológbò
títí a fi dé Arbroath.

Márùn-ún di mọ́kànlá.
Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì gbà.
Opó Qureshi, tó ń rán aṣọ ní Hilltown, gbà,
ó ní ẹnu ọ̀nà òun kò mọ ẹ̀yà.
A sọdá odò Tay. A ní tẹlifóònù,
a ní tábìlì, a ní òǹtẹ̀ roboto,
fọ́ọ̀mù tó nípọn ju búrẹ́dì lọ.
Ìwé búlúù wọ inú dúróà, a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ní ìpàdé ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n,
alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Auchterlonie,
tan àwòrán sára ògiri:
ìlà pupa kan tó ń gòkè bí ẹni ń gun àjà.
"Ẹ wo bí a ti dàgbà!"
A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.
Effie fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde.
"Kí ló ń dàgbà níbẹ̀ yẹn gan-an?
Bí wọ́n bá ń fẹ ilé ìwòsàn lójú,
ṣé ìlera là ń kí kú oríire?"

Tíì tutù nínú ife.
Ó sọ òótọ́. Síbẹ̀, mo wo ìlà náà,
mo rí bàtà Struan níbìkan ní àárín rẹ̀,
ó ti gbẹ.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún.
Ilé mọ́kànlélógójì. Ọmọ méjìlélógójì.
Alága ń wo ilẹ̀. Effie ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì.
"Tèmi ṣì wà lókè," ni ó wí.

Orúnkún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́,
ìsàlẹ̀ ni ó ń sùn báyìí, lórí àga gígùn.
Ó pa iná. Ó tẹ́tí.
Lókè, ẹnì kan bọ́ bàtà kan sílẹ̀.
Ó ń dúró de èkejì.