Ìjókòó Kan Ṣoṣo

Ní Sapóró, yìnyín ti bo kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ dé ọwọ́.
Chigusa yọ ìgò kékeré kan nínú fíríìsà,
ó nu ẹnu rẹ̀, ó wọn mílígíráàmù márùn-ún
ìyẹ̀fun tó funfun bí ògì gbígbẹ.

Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó gùn.
Tairosíìnì ni, ẹ̀yà oúnjẹ lásán,
irú èyí tó wà nínú wàràkàṣì, nínú ẹyin, nínú ẹran ara tiwa;
áyódìnì kan ni wọ́n so mọ́ ọn lára.
Áyódìnì náà kì í ṣèkà:
òun ni kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn,
òun ló kún inú kọ́ḿbù, ewé òkun tí bàbá Chigusa ń sá
sórí òkúta wẹ́wẹ́ létíkun Erímò.
Ohun rere méjì pàdé, wọ́n di ìdènà.

Torí ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ọpọlọ
tó ń gba tairosíìnì lálejò, tó ń tì í sọ́nà
tí yóò fi di dopamíìnì,
ohun tó ń sọ fún ẹsẹ̀ pé, ó tó, dìde.
Ìjókòó kan ló ní.
Eléyìí dé, ó jọ ọmọ ilé, wọ́n ní kó wọlé.
Ó jókòó.
Kò ṣiṣẹ́, kò tètè dìde,
àwọn ọmọ ilé gan-an tò síta.

Ó po ìyẹ̀fun mọ́ omi ṣúgà fún àwọn eṣinṣin èso.
Ní ọjọ́ kejì, akọ kẹtàlélógún,
tó máa ń na ìyẹ́ kan, tó ń gbọ̀n ọ́n tẹ̀lé abo kiri,
dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Abo kọjá. Ó wò ó.
Tàbí kò wò ó.
Chigusa kọ òdo sínú ìwé.

Láago mẹ́sàn-án ó pe bàbá rẹ̀.
"Ṣé ẹ sùn?" "Hùn."
"Ṣé ẹ jẹun?" "Hùn."
Láti oṣù Kẹwàá tí ìyá ti kú, bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń dáhùn.

Dókítà Kuramochi kò gbà kí wọ́n da àwọn eṣinṣin nù.
"Bí ẹnu ọ̀nà bá dí, ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"
Wọ́n bu lẹfodópà sí ṣúgà,
èyí tí ẹ́ńsáìmù yẹn ì bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe;
kò bèèrè ìjókòó, ó gba ẹ̀yìn kọjá.
Nígbà tó ṣe, Ìkẹtàlélógún na ìyẹ́.
Díẹ̀ ni. Ó tún na án.

Ó pe Erímò. Kò mẹ́nu ba oorun.
"Bàbá, èló ni wọ́n ń ra kọ́ḿbù báyìí?"
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Olè ni gbogbo wọn!" ni bàbá wí,
ó sì bọ́ sórí èyí tó fẹ̀, èyí tí òjò bà jẹ́,
bí ìyá ṣe máa ń ká a, tí etí rẹ̀ kì í ya,
ó ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́,
títí iná yàrá ìwádìí fi kú fúnra rẹ̀
torí kò rí ẹni tó mira.
Chigusa ò fẹ́ gbé fóònù kúrò létí.
Ó na apá kejì sókè nínú òkùnkùn, ó gbọ̀n ọ́n.
Iná padà.