Ìdákọ̀ró Ẹ̀yìn

Gbogbo ọkọ̀ ojú omi ló ń bẹ̀rù iyanrìn.
Èyí nìkan ni wọ́n kàn, tí wọ́n ní kó lọ forí sọ ọ́.
Ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí atẹ tí a fi ń fẹ́ ẹ̀wà.
Imú rẹ̀ kì í ṣe imú. Ilẹ̀kùn ni,
tó ń yà sọ́tùn-ún sósì bí ó bá ti gúnlẹ̀,
kí ahọ́n irin yọ, kó tẹ́ sórí etíkun,
kí ọkọ̀ ológun máa ti inú ọkọ̀ jáde bọ̀,
àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn, omi dé wọn lórúnkún.

Adémúwàgún, àbúrò ìyá mi, ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn,
ọdún mọ́kànlélógún ní Àpápá.
Bó bá délé ní Ìjọra, ọwọ́ rẹ̀ á máa rùn gírísì,
a ó yí i ká: “Ẹni mélòó lẹ pa?”
“Ilẹ̀kùn ni mo ń ṣí o.”

Nínú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, agolo sàdíìnì lọkọ̀ wa.
Àwọn ọmọkùnrin ni sójà. Wọ́n ní kí èmi jẹ́ etíkun.
Mo jókòó. Wọ́n kọlù mí títí ilẹ̀ fi ṣú.
Kò sẹ́ni tó bi etíkun bóyá ó ń retí àlejò.

Òun nìkan ló rí mi, tí mò ń gbọn ẹrẹ̀ nù lára ìró.
Ó ní: “Wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣì jìnnà, a ó ti ju ìdákọ̀ró kan sílẹ̀ lẹ́yìn.
Òun la ó fi fa ara wa kúrò.
Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, ilé alákàn ló dà.”

Lọ́dún kan, wọ́n lọ síbì kan tí kò dárúkọ.
Ó dé. Ó wẹ̀. Ó wọ yàrá.
Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ ẹ̀bà sẹ́nu ọ̀nà,
èèrà ló jẹ ẹ́,
ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún odindi ọmọ ogun.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọ mi nàka láti orí afárá:
“Màmá, kí ló dé tí tọ̀hún yanu?”
Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé eyín. Lékeléke wà lórí ahọ́n rẹ̀.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò ní tèmi.
Ẹ̀wọ̀n náà ṣì so mọ́ ọn,
ó le tantan, ó wọnú omi dúdú lọ.
Mi ò mọ ohun tó dì mú.