Èyí Tó Dúró

Bí ọ̀yẹ́ bá ti ń gbé eruku wọ Òṣogbo,
tí ètè ń là, tí ewé tíìkì ń já bọ́ bí abọ́ tó yẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé,
wọ́n á dé.
Wọn kì í ránṣẹ́ ṣáájú.
Inú wágọ́ọ̀nù onípákó ni wọ́n ń wọ̀ sí,
èyí tí rélùwéè gbàgbé sábẹ́ mángòrò lẹ́yìn ilé wa ní téṣàn,
tí koríko ti hù bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá mi, Lámídì tó ń yí ojú irin padà,
ní àwọn nìkan ni èrò tí kì í pẹ́.
Ọkọ̀ Kánò lè fi ọjọ́ méjì pẹ́,
oyin ò ní pẹ́.
A máa fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára pákó:
*Àlàmísì. Mángòrò ti yọ òdòdó. Wọ́n dé.*
Bí òjò bá wá fìdí múlẹ̀ tán, tí igbó rin gbingbin,
wọ́n á gbéra, wọ́n á fi afárá òfìfo sílẹ̀ fún eèrà.
A kọ ìyẹn náà.

Mùíbátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ ìmọ̀ kòkòrò,
wá lọ́dún yìí tòun ti ìgò kéékèèké.
Ó jókòó lórí garawa tá a dojú ẹ̀ dé, ó ní:
Àǹtí, kì í ṣe báyìí ni wọ́n ṣe wà látilẹ̀.
Oyin àkọ́kọ́, àdágbé ni.
Á gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, á yé ẹyin,
á di oúnjẹ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò ní fojú rí,
á fi amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà,
á kú.
Ọmọ á jáde, kò ní mọ ìyá.
Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, fún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò sí láti kà.

Títí ọdún kan fi dé tí òdòdó pẹ́ lórí igi.
Òjò ò tètè dá. Oúnjẹ ò tán.
Ìyá ò tètè kú.
Ọmọbìnrin kan yọjú lẹ́nu ihò, ó na ìyẹ́,
ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ra ọwọ́ lára ògiri nínú òkùnkùn.
Kò fò lọ.

Mo ní, kí ló dá a dúró? Ìfẹ́ ni, àbí ẹ̀rù?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé ò kọ bẹ́ẹ̀,
àsìkò ni ìwé kọ:
níbi tí àsìkò bá ti kúrú, oyin kan náà á tún máa dá gbé;
níbi tó bá ti gùn, ọmọ á dúró ti ìyá,
dídúró á di àṣà, àṣà á di ara,
ara á di ìlú tó ń kùn lókùnkùn, yàrá onígun mẹ́fà lórí yàrá.

Mi ò fèsì. Fèrèsé ìyá mi ni mò ń wò.
Gáníyù ti lọ sí Kàdúná nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fọn fèrè.
Ṣẹ̀kínátù bá ọkọ lọ sí Àbíjàn.
Èmi ló kù, tí mò ń lọ ata tí kò ta nítorí ẹnu rẹ̀.
Àwọn kan ní ọmọ rere ni mí.
Àwọn kan ní mi ò ríbi lọ ni.
Àwọn méjèèjì purọ́ díẹ̀.
Ọdún náà ló gùn.
Mo gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri.

Mùíbátù tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀dà bàbá mi, ó ń ka ọjọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀,
ìlà tó kẹ́yìn ti ṣá.
Nígbà náà ni ìyá mi pè láti inú ilé,
ó ti gbọ́ kíkùn wọn:
Sẹ̀lífá, ṣé ọkọ̀ Kánò ti wọlé?

Ó ti wọlé, mo ní.
Ó kún.