Èékánná

Wọ́n ní ká gé èékánná sínú ọ̀rá kéékèèké,
kí wọ́n lè wo ohun tí kọ́sítíìkì ń fi wá ṣe.
Ìyá Ẹfúnṣẹ̀yẹ ní, "Èékánná tèmi? Ta ni mo ṣẹ̀?"
Gbogbo agboolé wa ní Kẹ́mta bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.
Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ó kọ́kọ́ gé tirẹ̀.
"Ìyá mi pa aró ní Ìtòkú fún ọgbọ̀n ọdún.
A ò tíì mọ̀ bóyá aró ló pa á."

Kẹ́kẹ́ pa. Èéfín ìkòkò ń ta wá lójú.

Mo na ọwọ́ òsì sí i,
èékánná márùn-ún, dúdú bí aṣọ ẹtù.
Ọ̀tún ṣì wà nínú aró:
aṣọ oníbàárà ò ní í dúró de èsì.