Rédíò Ìyá Hure

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń jó òjé sẹ́yìn rédíò ní Ìlélà,
n kò tíì rí ọ̀sẹ̀ tí rédíò pọ̀ tó báyìí lórí tábìlì mi.
Èyí tó ti ń sùn lábẹ́ ibùsùn látọjọ́ tí fóònù ti dé,
èyí tí eku ti jẹ wáyà rẹ̀ tán,
wọ́n gbé gbogbo wọn wá, pẹ̀lú ìkánjú.
Wọ́n ní Àbújá fẹ́ rán ọmọ ogun kọjá ẹnubodè,
kí wọ́n lọ lé ọ̀gágun tó fi ìbọn jókòó sórí àga lọ́hùn-ún.

Wọ́n ti ti ọ̀nà.
Ọkọ̀ àlùbọ́sà mọ́kànlá ń jẹrà lójú títì,
òórùn wọn ń bá wa dá sí ọ̀rọ̀.
Bẹ́ǹṣì mi gba ènìyàn mẹ́rin.
Lọ́jọ́ náà, mẹ́sàn-án ló jókòó sí i.

Talle tó ń ta tíì ní:
"Ẹni tí ilé aládùúgbò rẹ̀ ń jó, tó ní kò kan òun,
ẹ bi í bóyá afẹ́fẹ́ ti ṣèlérí fún un."
Aṣọ́bodè kan tó ń tayín dáhùn:
"Iná náà la wá fẹ́ fi pa iná?"
Ẹnìkan ní akọ̀ròyìn mẹ́rìnlá ló wà látìmọ́lé lọ́hùn-ún.
Ẹnìkan ní irọ́ ni, ogójì ni.
Ẹnìkan bèèrè pé ta ló ti ka tiwa.
A rẹ́rìn-ín,
irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń fọwọ́ bo ẹnu rín.

Ìyá Hure ló ni rédíò pupa tó wà lọ́wọ́ mi.
Zali ọmọ rẹ̀ wà nílé ọkọ ní Kọ́nní,
Kọ́nní tó súnmọ́ wa débi pé àkùkọ wọn ló ń jí wa.
"Ẹ ní bọ́ǹbù yóò mọ ilé ọ̀gágun.
Ta ni yóò bi léèrè ọ̀nà?"

Tísà Gado dìde. Oṣù kẹfà ló sá wá,
bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹ̀fun ìkọ̀wé nínú àpò.
"Ìyá, ẹ má bínú.
Àbúrò mi wà nínú kànga.
Ẹni tó wà nínú kànga kì í yan okùn."
Ìyá Hure wò ó, ó pẹ́ kó tó fèsì:
"Etí kànga yẹn lọmọ mi ń gbé."

Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an.
Sájẹ́ǹtì Davou, tó bá wọn lọ Làìbéríà láyé ọjọ́sí,
wúkọ́, ó ní:
"Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní a ó lò."
A ń retí ìyókù.
Ó ní kí Talle fi ṣúgà kún tíì òun.

Wọ́n kọjú sí mi: "Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ńkọ́?"
Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.
Mo ti gbọ́ tẹni méjì,
ẹjọ́ náà kọ̀, kò dá.
N kò sọ fún wọn pé Àkànmú, àbíkẹ́yìn mi,
wà ní bárékè Sókótó,
pé ó pè mí lálẹ́ àná,
pé ó ní wọ́n ti pín ìbọ̀sẹ̀ tuntun fáwọn,
méjì-méjì, ó nípọn dáadáa.
Mo tẹ orí ba, mo ń fẹ́ òjé.

Nígbà tó gbẹ, mo tan rédíò.
Abẹ́rẹ́ dúró láàárín méjì:
Àbújá ń sọ̀rọ̀, ohùn ọ̀hún gorí rẹ̀,
orin ológun kan ń gba abẹ́ àwọn méjèèjì kọjá.
Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn.
"Ó ti tó," ni Ìyá Hure wí.
Mo ní kó máa gbé e lọ, kò gbà;
ó tú kókó etí aṣọ, ó ka ẹgbẹ̀ta náírà síwájú mi.
Kò pa á. Ó gbé e mọ́yà,
wọ́n ṣì ń jà nínú rẹ̀ bó ṣe ń lọ,
títí ó fi yà nídìí igi dóńgóyárò.